Ta Ló Bí Obìnrin? Ohun Tí Òjòlá Kọ́ Mi Nípa Akọ àti Abo

Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti há yín mọ́ ojú kan, ẹ fi íàpíìsì yín sétí dáadáa. Ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn mi, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, mo kí ẹ̀yin náà.

Kí n tètè sọ ọ́: ọ̀rọ̀ ejò ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ pa á báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Kò sí ejò tí yóò jáde látinú fóònù yín. Ejò ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ilé wa ló máa parí sí. Bóyá ilé tiyín náà sì ni.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kó wá sí ìlú Manchester nítorí iṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ohùn sílẹ̀, kí n gé e, kí n tò ó, kó lè dùn ún gbọ́. Owó ilé níbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé, nítorí náà mo gba yàrá kan nínú ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń fọ abọ́ gbogbo wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ló tó sọ fún mi pé òun ń sin ejò.

Mo ní, "Ejò mélòó?"

Ó ní, "Mọ́kànlá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pe ọ̀rẹ́ mi kan ní London kí n tó rántí mí. Mo ní kó bá mi wá ilé mìíràn lónìí olónìí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ejò bá wọlé, igi là ń wá, a kì í wá omi mímu fún un. Ṣùgbọ́n owó tí mo ti san sílẹ̀ kò ṣeé gbà padà. Bí mo ṣe dúró nìyẹn.

Ó tó oṣù méjì kí n tó wọ yàrá náà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kọ́ ni mo rò. Kò sí òórùn, kò sí ariwo. Ejò kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tirẹ̀, omi wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì kọ ọjọ́ tó jẹun kẹ́yìn sára àpótí náà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ti yàrá yìí ò bá yín rìn jọ, ó sì dà bíi pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Irú òjòlá kékeré kan ni wọ́n. Oyinbo ń pè é ní ball python, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ roboto bíi bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Kò ní oró. Ó ṣòro kó gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Àwọ̀ igi àti àwọ̀ wúrà ló dà pọ̀ lára rẹ̀. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rí irú ejò báyìí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni."

Òótọ́ ló sọ. Igbó àti pápá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé ejò yìí. Láti ọdún 1975, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta wọn tí wọ́n ti kó jáde láàyè lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, pàápàá láti Tógò, Benin àti Gánà. Wọ́n máa ń wá abo tó ti lóyún nínú igbó, tàbí kí wọ́n wa ẹyin rẹ̀ nínú ihò, wọ́n á pa á ní oko ọ̀sìn, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ wọn sọ́kọ̀ òfuurufú. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fi òjòlá yìí sábẹ́ ìṣọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ejò yìí kan náà ló wà nínú ilé òrìṣà òjòlá ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn èèyàn ń fi í kọ́ ọrùn, tí ẹnikẹ́ni kì í pa á. Mo rìn láti Ìbàdàn dé Manchester kí n tó mọ̀ pé aládùúgbò mi ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, mo ti ń pè é ní ọ̀rẹ́ báyìí, kì í kàn ń sin ejò lásán. Ó ń mú wọn gùn kí wọ́n lè bímọ, ó sì ń ta àwọn ọmọ náà. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń ta ejò yìí. Èyí tó ní àwọ̀ bí ti inú igbó kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà tí àwọn ọlọ́sìn ti wá ń bí jáde: funfun, yẹ́lò, aláwọ̀ eérú, abilà, aláìnílà. Ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Banana. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò purọ́. Ó yẹ́lò, ó sì ní tóótòòtó dúdú lára, bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n débi pé ó yẹ kí wọ́n fi dín dòdò lónìí.

Abo ni wọ́n ń wá jù. Ìdí rẹ̀ kò le. Akọ kan lè gun abo bíi mélòó kan láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n abo kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló lè yé ẹyin, ọdún mìíràn sì wà tí kò ní yé rárá. Ó tún máa ń pẹ́ kó tó dàgbà tó láti yé, ó lè tó ọdún mẹ́ta. Ẹyin bíi mẹ́fà ló sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní abo Banana púpọ̀, owó ń bọ̀ wá bá a nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi wá lọ ra akọ Banana kan. Owó tó san lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù méjì. Ohun tó jẹ́ kó wọ́n ni pé ẹni tó tà á sọ fún un pé akọ yìí, àwọn ọmọ tó bá bí tí wọ́n bá jẹ́ Banana, abo ni wọ́n máa jẹ́. Mo ní, ṣé ẹnikẹ́ni lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní nígbà tí àkókò bá tó, màá gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ètò yìí.

Ìgbà òtútù ló kó akọ náà pọ̀ mọ́ abo rẹ̀ kan tó wọ̀n tó kílò kan ó lé díẹ̀ ní ìlàjì. Nígbà tó di oṣù kẹrin, abo náà yé ẹyin méje. Ó ká ara rẹ̀ yí wọn po, kò jẹun, kò kúrò lórí wọn. Bó ṣe máa ń ṣe nínú igbó nìyẹn, fún bí oṣù méjì gbáko. Ọ̀rẹ́ mi rọra kó ẹyin náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin, ó sì fi ooru rẹ̀ sí bíi 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Mo ní, "Ṣé o kò ní dín ooru yẹn kù, tàbí kí o fi kún un, kí abo lè pọ̀?" Mo ti kà á níbì kan pé ooru ló ń pinnu akọ àti abo.

Ó ní ọ̀nì lẹni tí mo ń sọ yẹn. Òótọ́ sì ni. Ọmọ ọ̀nì àti ti ọ̀pọ̀ ìjàpá, bí ilẹ̀ tí ẹyin wà nínú rẹ̀ bá ṣe gbóná tó ló ń sọ wọ́n di akọ tàbí abo. Ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ejò, kí ẹyin tó jáde nínú ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí. Bí o bá fi kún ooru, ńṣe lo máa bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, tàbí kí ẹyin kú pátápátá.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn mi. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi, mo tẹ̀ lé e. Ẹyin kan ti bàjẹ́ tipẹ́. Àwọn mẹ́fà yòókù ti ń ya. Orí kéékèèké ń yọ jáde, wọ́n ń wo àyíká, wọ́n tún ń padà sínú. Mo jẹ́wọ́ fún yín, ó wù mí láti wò. Ohùn mi wà lórí téèpù, mò ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" fún ọmọ ejò.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn ti jáde, mẹ́rin jẹ́ Banana, méjì jẹ́ àwọ̀ inú igbó. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbìyànjú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fúnra yín o, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é, nítorí ó lè ṣe ejò náà léṣe. Akọ ejò ní ohun akọ méjì, ó sì ká wọn sínú ìdí ìrù rẹ̀. Bí ejò bá ṣì kéré, wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò rọra tẹ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ, nǹkan pupa méjì tó rí tín-ín-rín á yọ. Bó bá jẹ́ abo, kò ní yọ.

Ó mú Banana àkọ́kọ́. Akọ. Ó mú èkejì. Akọ. Ẹ̀kẹta, akọ. Ẹ̀kẹrin, akọ. Ó mú àwọn méjì tí àwọ̀ wọn kò níye lórí. Abo ni àwọn méjèèjì.

Ó jókòó sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo la ẹnu, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, ó wà lórí téèpù, mi ò lè sẹ́. Mo ní:

"Kí ló ṣe abo yìí tí kò lè bí Banana obìnrin kan ṣoṣo?"

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ló kan abo? Kò sí ohun tó ṣe. Bàbá ló mú un wá."

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí n ṣàlàyé ohun tó sọ, lẹ́yìn náà màá sọ ìdí tí mi ò fi lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nínú ara ẹranko àti ènìyàn, àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kúrómósóòmù ni wọ́n ń jẹ́. Méjì péré nínú wọn ló wà fún ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Nínú ènìyàn, obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Ìyá máa ń fún ọmọ ní ẹyọ kan, bàbá máa ń fún un ní ẹyọ kan. X nìkan ló wà lọ́wọ́ ìyá, kò ní òmíràn tó lè mú fún ọmọ. Bàbá ló ní oríṣi méjì. Bó bá mú X wá, obìnrin. Bó bá mú Y wá, ọkùnrin.

Òjòlá rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọ̀ Banana sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí pé orí X tàbí Y yẹn gan-an ni àbùdá tó ń mú àwọ̀ náà wá jókòó sí. Bí akọ kan bá gba Banana láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, orí X rẹ̀ ló wà. Ó ń fi X yẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí náà àwọn abo ló máa yọ Banana. Ṣùgbọ́n bó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, orí Y ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló máa yọ Banana. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àbùdá náà máa ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra akọ Banana, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì: ìyá rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ yìí ni, àbí bàbá rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi wá ẹni tó kọ́kọ́ bí ejò náà kàn. Ẹni yẹn ní bàbá rẹ̀ ni Banana, ìyá rẹ̀ kì í ṣe Banana. Ẹni tó tà á fún un ti purọ́, kò sì dá àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ padà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ká mi lára jù. Mo lọ wá ọ̀rọ̀ náà kà. Ṣé ẹ mọ̀ pé fún bí àádọ́ta ọdún, ohun tí ìwé sáyẹ́ǹsì sọ ni pé nínú gbogbo ejò, ìyá ló ń pinnu akọ tàbí abo? Wọn kò kàn fi ẹnu lásán sọ ọ́. Nínú ṣèbé, nínú paramọ́lẹ̀ àti àwọn ìbátan wọn, òótọ́ ni. Àwọn yẹn ń lo ìlànà mìíràn tí wọ́n fi lẹ́tà Z àti W pè: akọ ní Z méjì, abo ní Z kan àti W kan, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Àwọn ẹyẹ náà ń lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀, títí kan adìyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Wọ́n wá mú ohun tí wọ́n rí lára ṣèbé, wọ́n fi lé òjòlá lórí. Bí wọ́n sì wo kúrómósóòmù òjòlá nínú awò amúǹkan-tóbi, méjèèjì jọra, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Wọ́n ṣáà gbà pé ọ̀dọ̀ abo ni.

Àwọn ọlọ́sìn ni wọ́n kọ́kọ́ ríṣẹ̀lẹ̀ náà nínú yàrá wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé: Banana yìí bí abo, Banana yìí bí akọ. Ìṣirò náà kò bá ti Z àti W mu. Ní 2016, ìwádìí kan jáde lórí Banana yìí tó sọ pé ó jọ pé X àti Y ni òjòlá ń lò. Nígbà tó di 2017, Tony Gamble àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá òjòlá Bọ́má kan wò, àti ti ejò boa ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí X àti Y nínú àwọn méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́rìí sí i. Abo òjòlá àti abo boa lè dá bímọ láìsí akọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ní 2020, òjòlá bíi ti ọ̀rẹ́ mi kan ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti fojú kan akọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, boa kan ní Amẹ́ríkà ti dá bí ọmọ méjìlélógún ní ìgbà méjì. Gbogbo àwọn méjìlélógún, abo. Ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nígbà náà. Lónìí, ó ti yé wa: X nìkan ló wà lọ́wọ́ ìyá. Níbo ló ti fẹ́ rí akọ bí?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àwa obìnrin mẹ́rin ni ìyá mi bí. Èmi ni àbígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bí mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ṣé obìnrin náà ni?" Ó yí padà, kò wọlé. Ìyá mi ló sọ fún wa. Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn ẹbí bàbá mi bá a wá ìyàwó mìíràn, torí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, inú ìyá wa kò gba ọkùnrin. Ìyàwó kejì dé. Ó bí obìnrin. Ó tún bí obìnrin. Wọ́n ní òun náà, inú rẹ̀ kò gba ọkùnrin. Obìnrin méjì, ọmọ mẹ́fà, bàbá kan. Kò sí ẹni tó ronú kàn án.

Èmi náà wá nìyí, ọmọ obìnrin kẹrin, tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, tí wọ́n kọ́ mi ní X àti Y ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Mo dúró níwájú abo ejò kan tó ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin láìjẹun, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, kí ló ṣe é? Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo gbọ́ nílé láti kékeré ni ẹnu mi mọ̀.

Mo pe ìyá mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sunday.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìsinmi o. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ejò kan fún yín."

Wọ́n ní, "Ejò kẹ̀? Ṣé o ò tíì kúrò nílé yẹn?"

Mo ṣàlàyé fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ti ejò, mo sọ ti ènìyàn. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé láti ọ̀dọ̀ bàbá yín ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó ń yàn án."

Wọ́n ní, "Nígbà oyún rẹ, agbo tí wọ́n ní kí n mu kò lóǹkà. Mo mu gbogbo rẹ̀." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yín."

Mi ò gba ohùn ìpè yẹn sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sọ èyí kí ẹ lè gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyá, kí ẹ sì dì í lé bàbá lórí. Bàbá kò mọ èyí tó ń lọ, X tàbí Y. Ó dà bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Bí ẹ bá ju owó sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó lè bọ́ sí ojú kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá kó ìdílé mẹ́rìndínlógún tó bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin jọ, kò yani lẹ́nu kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin látòkè délẹ̀. Ìdílé wa kàn bọ́ sí i ni. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe èpè, kò sì sí agbo tó lè yí i padà. Ọjọ́ tí oyún dúró ni ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí aboyún bá mu lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó rẹ̀ ló ń bá lọ, ó sì lè pa á lára.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi ìkómọ, tí àgbàlagbà kan bá tún sọ pé "ṣé obìnrin náà ni?", mi ò ní kí ẹ bá wọn jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ pé ẹ sọ ọ́. Ìyá mi dúró fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ẹnì kan tó sọ ọ́ fún wọn, ejò ló sì rán mi létí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa béèrè nípa àwọn ọmọ ejò náà: ara wọn le. Wọ́n ti bọ́ awọ ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń jẹun. Ó ti ta àwọn akọ mẹ́rin náà ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn abo méjì, ó ní òun máa fi ta mí lọ́rẹ. Mo dúpẹ́. Mo ní a ti ń kíra báyìí, èmi àti ejò, ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibi ká jọ sun yàrá kan. Ó ní kò burú, òun máa tọ́jú rẹ̀ fún mi. Ó ti kọ orúkọ sára àpótí rẹ̀. Orúkọ ìyá mi ni. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo àṣírí.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Bí ẹ kò bá fẹ́ ká dárúkọ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, a kò ní dárúkọ. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó bí obìnrin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àǹtí yẹn tó wà nínú ọgbà WhatsApp ẹbí yín. Ẹ ti mọ èyí tí mò ń wí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.